Kọ́ọ̀sì Tó Rọrùn àbí Kọ́ọ̀sì Tó Wúlò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì láàrin yín máa ń gbé wá síwájú wa nígbà tí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Wọn a ní: “Àfáà, a fẹ́ tẹ̀síwájú lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́. A fẹ́ gba másítà, a sì fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn wà níwájú wa. Ṣé èyí tí a ó ti gba A láìlàágùn ni kí a mú, tàbí èyí tó le tí wọ́n ní ó wúlò?”

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni èyí, pé ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ẹ̀ka ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbé e débẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ìwà ni pẹ̀lú. Ẹni tó ń yan kọ́ọ̀sì ń pinnu bóyá ohun tí òun yóò sọ lọ́la pé òun mọ̀, òun yóò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìròyìn wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára yíyàn wa mọ. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń yàn. Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ló ń la ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, NUC ló ni ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ìdá 30 tó kù kún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta ní 1988, tó wà lọ́nà Àlàbàtà, tàbí tó wà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó, kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́mísírì ọdún kìíní àbí kò fẹ́. Dandan ni, bí ìṣirò àti físíìsì ọdún kìíní ti jẹ́ dandan. Ibi tí yíyàn ti wọlé ni àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, kọ́ọ̀sì tí a lè lọ mú ní ẹ̀ka mìíràn, ibi tí a ó ti ṣe SIWES, àti iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn. Wọn kò pọ̀. Síbẹ̀, àwọn gan-an ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó gba dìgírì kan náà yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

ÀWÍJÀRE ẸNI TÓ FẸ́ ÈYÍ TÓ RỌRÙN

A kò ní pe ẹni tó fẹ́ kọ́ọ̀sì tó rọrùn ní ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n 5 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, 4.50 ni First Class ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 sì ni 2:1 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tó 3.50, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò ti mọ́ ọn lójú kí ẹnikẹ́ni tó ka orúkọ kọ́ọ̀sì kan nínú ìwé rẹ̀. Sikọ́láṣípù náà ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ara wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, bàbá tó ń wa ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, àwọn ló ń san án. Ṣé kò tọ́ kí a gbé èsì tó dára wálé fún wọn?

Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni máàkì gan-an?

MÁÀKÌ JẸ́ ẸLẸ́RÌÍ

Máàkì jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí yunifásítì bá kọ A sí iwájú orúkọ wa, ó ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí pé a mọ nǹkan báyìí. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ti wúwo tó lọ́dọ̀ wa. A kò sọ pé ẹni tó mú kọ́ọ̀sì tó rọrùn jẹ́rìí èké o. A tó gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹlẹ́rìí lè sọ òótọ́, kí ó má sì mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó kó A mẹ́fà jọ nínú kọ́ọ̀sì tí kò kan ohun tó fẹ́ lọ kọ́, ẹlẹ́rìí mẹ́fà ló kó lọ sí kóòtù, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele gíga mọ èyí dáadáa. Wọn kì í wo CGPA nìkan; wọ́n ń wo orúkọ kọ́ọ̀sì ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tí a gbà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè ti dìgírì àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́mísírì níbẹ̀ ló máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lórí organic, inorganic, physical àti analytical, láti mọ ibi tí ìmọ̀ wọn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ibi tó ti jò. Ẹni tí tirẹ̀ bá jò, wọ́n lè ní kí ó padà lọ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ san owó ilé-ìwé, tí wọ́n á tún fún un ní owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nídìí owó náà: yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní àti ìkejì, yóò sì dúró tì wọ́n nínú láàbù níbi tí ásíìdì wà. Ẹni tó sá fún ẹ̀kọ́ náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ara wa nìkan, tó di àmánà.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkan ní Òbántókò tàbí ní Òdẹ̀dá yóò gbé omi kànga wá sọ́dọ̀ yín nínú ìgò pé kí ẹ bá òun wò ó bóyá ó ṣeé mu. Ẹ ó kọ èsì, ẹ ó sì buwọ́ lù ú. Ìdílé náà kò ní bi yín ní CGPA. Ìwé yẹn ni wọn yóò gbà gbọ́, omi yẹn ni wọn yóò sì mu.

NÁHÚWÙ ÀTI SÁRÚFÙ KẸ́MÍSÍRÌ

Ẹni tó ti ilé-kéwú wá kò ní ṣàìmọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ka tafsírì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti náhúwù àti sárúfù. Wọn kò dùn. Kò sí ẹni tó ń pe èrò wá síbi wòlímọ̀ nítorí pé ó parí sárúfù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò wọ́n, ìtumọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ sọ ni yóò máa há sórí títí ayé. Ọjọ́ tó bá pàdé gbólóhùn tí olùkọ́ kò kà fún un rí, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ nìyẹn. Nígbà tí Shaykh Ádámù Àbdúllàhì al-Ìlọrí dá Markaz sílẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta ní 1952, kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ohun tó mú wọ ètò kéwú ni kíláàsì, ìpele àti ìdánwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti orí ìpìlẹ̀ gòkè ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Àwọn bàbá wa sì ti sọ ọ́ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nínú kẹ́mísírì, ìṣirò ni náhúwù, físíìsì ni sárúfù. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lọ́nà másítà àti ọ̀mọ̀wé, kí ó má ṣe fi calculus ọdún kìíní parí ìṣirò. Kí ó wá àyè fún differential equations àti linear algebra, nítorí èdè tí wọ́n fi kọ quantum mechanics nìyẹn, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí tí átọ́ọ̀mù kan fi ń so mọ́ èkejì. Kí ó kọ́ statistics, kí ó lè mọ ìgbà tí ìyàtọ̀ láàrin òǹkà méjì jẹ́ òótọ́, àti ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ló gbọ̀n. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ó kéré tán ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kẹ́mísírì lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé ìwádìí tó já gaara. Ẹni tó mọ nǹkan tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn ka á yé, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀ yìí, báwo la ó ṣe mọ èyí tí a ó yàn nínú ẹ̀ka kẹ́mísírì fúnra rẹ̀? Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí ẹ fẹ́ dáhùn, kí ẹ tó béèrè pé lẹ́kíṣọ̀ wo ló lawọ́. Ìbéèrè kò jìnnà sí wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá yìí.

Ẹ wo iṣẹ́ aró. Aró búlúù fúnra rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi. A ní láti yí i padà sí oríṣi kan tó ń yọ́ nínú omi eérú tàbí omi sódà. Oríṣi yìí ló ń wọnú òwú. Bí aṣọ bá wá jáde síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a tún sọ ọ́ di búlúù. Àwọn ìyá wa ti ń fi ewé èlú àti omi eérú ṣe èyí tipẹ́tipẹ́ kí a tó gbọ́ orúkọ kẹ́mísírì. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ pé sódà ń ba aṣọ jẹ́, títí ó fi di àríyànjiyàn ńlá láàrin àwọn aláró àti ààfin Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ní àwọn ọdún 1930. Títí di òní, ẹni tó lè sọ ìwọ̀n sódà tó tó, tí kò ní bó aláró lọ́wọ́, tí omi ìdànù rẹ̀ kò sì ní ba odò jẹ́, ẹni tó kọ́ analytical chemistry tọkàntọkàn ni.

Ẹ wo Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti 1960. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ 100 kílò láìlábùlà, 44 kílò nínú rẹ̀ ni yóò di carbon dioxide tí yóò fò lọ sójú ọ̀run. Inú òkúta fúnra rẹ̀ ni èyí ti jáde. A kò tíì ka ti epo tí wọ́n fi dáná. Báwo la ṣe lè mú un kó má lọ? Inorganic àti physical chemistry ló ni ìbéèrè yẹn. Omar Yaghi, tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ní 2025, ara ohun tó ṣe nìyẹn: àwọn ohun èlò tó ní ihò wínníwínní tó lè gba gáàsì sínú. Ìdílé Palẹ́sìtínì tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n bí i sí ní Amman ní 1965. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà lọ́mọ ọdún 15, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan, Hudson Valley Community College, ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó bọ́ sí yunifásítì. Kò sí ohun tí ojú ń tì í nínú bíbẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ wo láfún tí a ń jẹ. Májèlé cyanide ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀ àti sísá a sóòrùn ló ń dín in kù. Ẹni tí èyí bá ń jẹ lọ́kàn, kí ó lọ mú biochemistry pẹ̀lú organic.

KÍ A ṢÍRÒ ÌBẸ̀RÙ WA

Ẹ ó ní: “Bí a bá wá gba C ńkọ́?” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù tí a kò bá ṣírò máa ń tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti ṣe 100 yúnìtì, tí CGPA rẹ̀ sì jẹ́ 4.32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 432. Ó fẹ́ mú kọ́ọ̀sì yúnìtì 3. Bí ó bá mú èyí tó rọrùn tó gba A, yóò fi 15 kún un, yóò sì di 447 lórí 103, ìyẹn 4.34. Bí ó bá mú èyí tó le tó gba C, yóò fi 9 kún un, yóò sì di 441 lórí 103, ìyẹn 4.28. Gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju 0.06 lọ! Nítorí 0.06 yìí, ṣé ó tọ́ kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìmọ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a kò sì ní fi í pamọ́. Bí ti ẹlòmíràn bá jẹ́ 3.51 lórí 100 yúnìtì, tó sì gba C nínú kọ́ọ̀sì yẹn, yóò di 360 lórí 103. Èyí jẹ́ 3.495, ó ti já sísàlẹ̀ 3.50. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni kí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ lẹ́kíṣọ̀, kí ó máa jókòó gbọ́ kọ́ọ̀sì tó le náà láìforúkọ sílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní sáà kejì, kí ó wá forúkọ sílẹ̀ fún un. Ìmọ̀ náà kò ní sọ pé òun kò wọlé nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ẹ di ẹrù tó ju orí lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n a kó kọ́ọ̀sì líle mẹ́rin jọ ní sáà kan kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè kí wọn kú iṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀, ṣekárími ni. Ara ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni, oorun ní ẹ̀tọ́, òbí pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́. Kọ́ọ̀sì líle kan tàbí méjì tí ọ̀nà wa nílò ní sáà kan, kí àwọn tó kù fúyẹ́ díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí a bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Moungi Bawendi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tùnísíà, gba 20 péré nínú 100 ní ìdánwò kẹ́mísírì tó kọ́kọ́ ṣe ní Harvard. Ní 2023, òun náà wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ bí a ṣe ń kàwé fún ìdánwò nígbà náà, pé òun lọ kọ́ ọ ni. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè fi 20 ṣe ohun ìṣògo. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé máàkì búburú kan ń sọ ibi tí a wà lónìí. Kò ní agbára láti sọ ibi tí a ó kú sí.

LÁÀBÙ ÀTI ÀWỌN TÓ MỌ̀ WÁ

Ohun kan tún kù tí fọ́ọ̀mù kì í béèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ olùkọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ tó fún ènìyàn igba ní A kò lè rántí ojú yín. Èyí tí ẹ bá ṣiṣẹ́ nínú láàbù rẹ̀, tó rí yín nígbà tí àyẹ̀wò bàjẹ́ tí ẹ tún un ṣe, òun ló lè kọ ìwé tó lẹ́mìí. Nítorí náà, ẹ yan iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn yín lọ́dọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́. Nígbà tí SIWES bá dé, ẹ má ṣe wá ibi tó súnmọ́ ilé tàbí ibi tí wọ́n ti ń san owó ọkọ̀ nìkan. Ẹ wá ibi tí láàbù wà tí wọn yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Nínú láàbù náà, ẹ ṣọ́ra fún àṣà kan tó ti wọ́pọ̀: kí kẹ́míkà má tó, kí àkókò má sí, kí a wá ṣẹ̀dá òǹkà titration, tàbí kí a wo ti ọ̀rẹ́ ẹni kọ. Níbí, a kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó bá mọ́ lára láti kọ òǹkà tí kò rí, òun náà ni yóò buwọ́ lu ìwé omi kànga tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí àyẹ̀wò kò bá bọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ pé kò bọ́ sí i.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, a gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ fún yín pé ìṣirò àti physical chemistry le fún obìnrin, pé kí ẹ mú èyí tó tutù. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń pa aró nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Obìnrin ni. Wọ́n ń wọn omi eérú, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n mọ ìgbà tí ìkòkò aró pọ́n àti ìgbà tó kú. Ìmọ̀ yín nìyí láti ilé. Ẹ lọ kọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní yunifásítì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ṣe gbogbo èyí, kí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gíga má sì tètè ṣí. Owó lè má sí, físà lè má bọ́ sí i. Ohun tó dára nínú kọ́ọ̀sì tó wúlò nìyí: kì í pàdánù. Ẹni tó mọ àyẹ̀wò omi mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta, ó mọ̀ ọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó sì kó A jọ láìmọ nǹkan, ìwé ló ní. Ọjọ́ tí ìwé náà kò bá rí ẹni gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nígbà tí ẹ bá tún gbé fọ́ọ̀mù síwájú, ẹ má ṣe bi ara yín pé “Èwo ni n ó ti gba A?” kí ẹ tó béèrè pé “Kí ni wọn yóò fi síkàwọ́ mi lọ́la, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó lè gbà á?” Ẹ dáhùn ìyẹn ná, kí ẹ ṣírò máàkì yín bí a ti ṣírò rẹ̀ yìí, kí ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn yín, kí ẹ sì wá buwọ́ lùwé. Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ta wá lọ́rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí a jẹ́rìí sí ohun tí a kò mọ̀. Àmín.